Fífò Kan Kí Bàbá Tó Jáde

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò papọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi fi báàjì sí mi láyà. Báàjì kékeré ni, ti ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òun ni a sì máa ń fi sáyà bí a bá ń lọ sí ìpàdé wa ní Tunga, nínú Minna níbí. Ó fi ìka méjì wọn ibi tí yóò wà lókè àpò, ó ki píìnì rẹ̀ bọ aṣọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó ní, "Ẹ fò, Bàbá Zàínábù." Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. Ẹ ó fò nígbà tí ẹ bá dé." Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti ilé wa ní Tayi lọ sí Tunga, a ṣe ìpàdé, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀. Kí n tó dé, àwọn aládùúgbò ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, ó ti lọ. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ náà. Ibi tí fífò yẹn ti wá ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé orí àgbàlagbà méjì ti dàrú nínú pálọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ohun tí mo jogún láti ilé bàbá mi, òun ló mú ẹ̀rín wọ ilé wa jù.

Bàbá mi, Sàlíù, jẹ́ ọlọ́pàá ní Minna, bárékè ni a sì ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀ kan nínú ọ̀wọ́ ilé gígùn kan tí ìdílé ọlọ́pàá kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ará Ìlọrin ni wá, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí èmi àti Sìdíkà ẹ̀gbọ́n mi sí. Yorùbá ni a ń sọ nínú ilé, Hausa níta, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu nígbà tí a bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa ni ariwo ilé wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ládàánì á pèrun. Lẹ́yìn ìrun, ìyá mi á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù eléédú, èédú á máa ta pàpàpà, ọkọ̀ ojú irin á fọn fèrè láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, obìnrin tó ń ta kókò, ògì gbígbóná, àti kósé, àkàrà àwọn Hausa, á sì ké lẹ́yìn fèrèsé wa pé, "Akwai koko." Bí mo bá gbọ́ igbe náà, màá ti mọ̀ pé sítáàṣì ti gbẹ lára aṣọ bàbá mi. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi fi ń sè é, ó sì máa ń ki débi pé ṣòkòtò náà lè dá dúró lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń retí àṣẹ. Èmi àti Sìdíkà máa ń kí i. "Ranka ya daɗe," a ó wí fún ṣòkòtò bí ẹni ń kí ọ̀gá, a ó sì gbé ọwọ́ sí iwájú orí.

Iṣẹ́ tiwa ni idẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì tú gbogbo ohun tó ń dán lára rẹ̀ sílẹ̀ sínú ọmọrí agolo mílíìkì kan. Báàjì fìlà ni àkọ́kọ́, èyí tó máa ń wà lókè ojú òsì rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, èyí tó wà láyà ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà rẹ̀ tí a fi idẹ ṣe, tó wà láyà òsì lókè àpò, tó ní òrùka wáyà kékeré lẹ́yìn tí wọ́n fi ń dì í mú. Lẹ́yìn náà ni fèrè àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀, àti ojú ìgbànú. Ìlà méjì tó fi hàn pé kọ́púrà ni í, rírán ni wọ́n rán ìyẹn mọ́ apá aṣọ, ó dà bí ẹnu ẹyẹ méjì tó là sókè. Sìdíkà ló ni báàjì fìlà nítorí òun ni àgbà. Èmi ni mo ni nọ́ńbà. Eérú tí a ti jọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi ń fọ̀ wọ́n, a ó fi àkísà nu wọ́n, a ó sì gbé wọn sí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wò bóyá a lè fi ìmọ́lẹ̀ wọn gún ojú adìẹ aládùúgbò. Títí di òní, bí mo bá gé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú tíì, òórùn idẹ ni mo ń gbọ́.

Bàbá mi kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi báàjì kankan sí ara rẹ̀. Ìyá mi ló ń ṣe é. Bó bá ti wọ aṣọ tán, yóò dúró sí àárín pálọ̀, yóò gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n rẹ̀, yóò sì máa wo àjà. Ìyá mi á fi ìka méjì wọn ọ̀nà láti etí àpò, á ki òrùka bọ inú ihò rẹ̀ lẹ́yìn, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo bi í léèrè nígbà kan ìdí tí Bàbá kì í fi ṣe é fúnra wọn. Ó ní, "Ṣé wọ́n rí i ni? Èmi tí mo dúró síwájú wọn ni mo rí i." Bàbá mi, tí ojú rẹ̀ wà lókè, ní, "Ọ̀gá mi ni ìyá yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ọ́fíìsì." Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti dá wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n láràárọ̀, ọkùnrin tí gbogbo ọjà ń bẹ̀rù á dúró jẹ́ẹ́ kí obìnrin kan tún un ṣe.

Fífò kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó fà á ni pé, ní ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n bí àbúrò mi, ọ̀gá ńlá kan wá yẹ àwọn ọlọ́pàá wò ní pápá, orúkọ bàbá mi sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ìlà kẹta kún ìlà wọn kí wọ́n di sájẹ́ǹtì. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo wọn dúró ṣinṣin, gbogbo wọn sì fi bàtà kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbìì. Nọ́ńbà bàbá mi já. Ó bọ́ sórí òkúta níwájú bàtà ọ̀gá náà, ó dún gbaran-gan-gan bí abọ́ alágbe. Wọn kò pe orúkọ rẹ̀ lọ́dún náà. Kò sí ẹni tó bá a wí, wọn kò kàn pè é ni. Ó padà wálé pẹ̀lú ìlà méjì rẹ̀, ó jẹ túwó rẹ̀ tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó fi nọ́ńbà náà sí i láyà tán, ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá Sìdíkà, ẹ fò."

"Kí ni?"

"Ẹ fò lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá máa já, kó já síbí."

Bàbá mi wò ó. Ó wo àwa ọmọ. Lẹ́yìn náà, kọ́púrà ọlọ́pàá, pẹ̀lú fìlà, bàtà àti ìgbànú, fò sókè ní àárín pálọ̀ bí ọmọ tó ń ṣeré okùn. Nǹkan kan dún ṣẹ́kẹ́. Ìyá mi tú òrùka náà, ó fún un mọ́lẹ̀, ó ní kó tún fò. Kò dún mọ́. Ó ní, "Ó dàbọ̀." Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí bàbá mi jáde láìfò. Èmi àti Sìdíkà la máa ń kà á fún un, "Daya, biyu, uku," nítorí Hausa ni a fi mọ òǹkà jù. Ìbá jẹ́ ìbínú ni Bàbá fi ń fò, ìrántí mìíràn ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀. Nígbà mìíràn, yóò fò kí a tó dé "uku", a ó sì fi ẹ̀sùn kàn án.

Ọdún tí ó kàn ni ọdún tí mo ń sọ. Ìyá mi lóyún, ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, sì wá láti Ìlọrin kó lè wà níbẹ̀ nígbà ìbímọ. Bí Ìyá Àgbà ṣe dé ni ilé yí padà. Ó gba ìdáná, ó gba àga onígi ẹnu ọ̀nà, ó sì gba ẹjọ́ wíwí. Ó gbọ́ bí a ṣe ń ka "Daya, biyu, uku," ó na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Sàlíù, ṣé ọmọ Ìlọrin lo bí sílé yìí ni tàbí ọmọ Gambari?" Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ kọ́ wọn." Ó kọ́ wa. A ka ení, èjì, ẹ̀ta fún òwúrọ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n Bàbá ní òun kò lè fò dáadáa sí i, a sì padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun gbogbo ni Ìyá Àgbà ní ìlànà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a fi ń wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń gba oúnjẹ. Bó bá rí mi tí mo fi ọwọ́ òsì mú kósé, yóò gbá ọwọ́ náà pẹ́, yóò sì ní, "Kàsímù ọkọ mi, èyí tó o fi ń ṣan ìdí lo tún fẹ́ fi bọ́ ẹnu?"

Ìròyìn dé pé ọ̀gá ńlá náà tún ń bọ̀. Orúkọ bàbá mi tún wà níbẹ̀. Gbogbo ilé mọ̀ pé bí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó wọṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ yóò di ọ̀gá lé e lórí. A fọ idẹ títí eérú fi tán nínú ìdáná. Ìyá mi lọ aṣọ náà, ó tún un lọ̀, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni ìrọbí mú un. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó sì ti ń wọ ọkọ̀, tó di ẹ̀yìn mú, ọ̀rọ̀ tó bá Ìyá Àgbà sọ ni pé, "Ìyá, ẹ bá mi fi nọ́ńbà sí wọn láyà o. Ìka méjì láti etí àpò. Kí wọ́n sì fò." Ìyá Àgbà ní, "Lọ bímọ rẹ. Ta ló wọ aṣọ fún un kí ìwọ tó dé?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìròyìn ti dé pé ọkùnrin ni ó bí, tìyá-tọmọ ń ṣe dáadáa. Bàbá mi dúró sí ààyè rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń wo àjà. Sìdíkà wà níta, ó ń ra kókò. Ìyá Àgbà ṣe é gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é: ìka méjì, òrùka, àtẹ́lẹwọ́. Mo ka "Daya, biyu, uku," Bàbá fò, nǹkan kan kò dún. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n gbà kí àwọn ìdílé wá wòran, abẹ́ igi dóńgóyárò kan létí pápá ni wọ́n fi wá sí. Àwọn ọlọ́pàá tò sínú oòrùn, gbogbo wọn ń dán yẹ́ríyẹ́rí. Sìdíkà ń fi ìka wá Bàbá kiri, nígbà tó sì rí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

Ó ní, "Ìyá Àgbà. Apá kan náà ni tàwọn tó kù wà. Ti Bàbá wà ní òdìkejì."

Ìyá Àgbà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n òsì ló ń gbé."

"Òsì náà ni kò jẹ́ kí wọ́n pè é lésìí. Ohun tí wọ́n fi mọ ọmọ mi láàrin ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹ lọ gbé e sí apá òsì. Mo bá a gbé e sí apá ire, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Jókòó."

Sìdíkà kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀gá náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo bàtà, ó ń wo bọ́tìnnì, ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ń bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dúró. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ, a kò gbọ́ ọ láti abẹ́ igi, ṣùgbọ́n bàbá mi sọ ọ́ fún wa ní àìmọye ìgbà débi pé mo lè búra pé mo gbọ́ ọ. Hausa ni ọ̀gá náà fi bi í.

"Kọ́púrà, ta ló fi nọ́ńbà yìí sí ọ láyà?"

Bàbá mi kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí òun kò rí àyà ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ni, ọ̀gá."

"Ìyá rẹ. Apá wo ló yẹ kó wà?"

Ìgbà yẹn ni ó tó yé bàbá mi. Ó ní, "Òsì, ọ̀gá."

"Níbo ni ìyá náà wà?"

"Abẹ́ dóńgóyárò, ọ̀gá. Òun ló fi ìborùn funfun."

Ọ̀gá náà yíjú sí wa. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ ọ̀tún, ó kí i bí ẹni tó ń kí àna. Ọ̀gá náà tún yíjú sí bàbá mi. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ há abíyá, ó tú nọ́ńbà náà kúrò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí àyà òsì, ó ki òrùka bọ̀ ọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ rántí pé láti nǹkan bí ọdún kan, kò sí ẹni tó fi nọ́ńbà sí bàbá mi láyà tí kò fò tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láyà, ó sì fò. Ní àárín pápá, láàrin ìlà àwọn ọlọ́pàá tó dúró bí òpó, níwájú ọ̀gá ńlá, kọ́púrà Sàlíù fò sókè, ó sì balẹ̀ gbìì. Nǹkan kan kò dún. Lábẹ́ igi, mo ti pariwo "Uku" kí n tó mọ̀.

Bàbá mi ní òun rí ìlà kẹta náà bó ṣe ń fò lọ bí ẹyẹ.

Ọ̀gá náà ní, "Kí nìyẹn?"

"Ìyàwó mi ni, ọ̀gá. Òun ló ní kí n máa fò, kí a lè mọ̀ pé kò ní já."

Ọ̀gá náà wò ó dáadáa. Ó ní, "Ìwọ ni tìrẹ já lésìí."

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Láràárọ̀ ni o ń fò?"

"Láràárọ̀, ọ̀gá. Àwọn ọmọ ló ń kà á."

Bàbá mi ní ètè ọ̀gá náà ló kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà já, ọlọ́pàá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè mú tirẹ̀ mọ́ra, èkejì rẹ̀ náà kò lè mú un, ẹ̀rín sì gba ìlà náà já láti orí dé ìdí bí ìgbà tí atẹ́gùn bá gba inú okà. Àwa tí a wà lábẹ́ igi náà rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí a ń rẹ́rìn-ín sí. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rí i bó ṣe fọwọ́ kan ọmọ mi láyà? Ta tún ló ṣe é fún nínú gbogbo wọn?" Nígbà tí wọ́n wá ka orúkọ, orúkọ Sàlíù wà níbẹ̀.

Láti pápá, ilé ìwòsàn ni gbogbo wa gbà lọ. Wọ́n ti fi píìnì há ìlà mẹ́ta tuntun mọ́ apá aṣọ bàbá mi, lórí ìlà méjì àtijọ́. Ìyá mi jókòó lórí ibùsùn pẹ̀lú ọmọ tuntun náà lẹ́sẹ̀. Ó wo ìlà náà, ojú rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló fi nọ́ńbà yìí sí yín láyà? Ó ti ga jù."

Bàbá mi ní, "Ọ̀gá àgbà ni."

"Ọ̀gá àgbà kò mọ̀ ọ́n fi. Ẹ súnmọ́ mi." Ó tú u, ó tún un fi pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́. "Ẹ fò."

Sájẹ́ǹtì tuntun fò nínú wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, bàtà rẹ̀ ró, ọmọ mẹ́rin jí lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ọ̀sì sì lé gbogbo wa jáde. Ìyá Àgbà sọ ọmọ náà ní Sájẹ́ǹtì kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, orúkọ náà sì borí èyí tí àfáà fún un. Maikunkele ni àbúrò mi náà ń gbé báyìí, àwọn ọmọdé àdúgbò ń pè é ní Bàbá Sájẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ aṣọ ọlọ́pàá rí láyé rẹ̀. Ní ti Ìyá Àgbà, títí tó fi kú, ó gbà pé apá ọ̀tún tí òun gbé nọ́ńbà sí ló mú ọ̀gá dúró. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń bá a jiyàn. N kò rí iyàn tí mo lè jà mọ́.

Ìyá mi ló kọ́ ìyàwó mi ní fífò náà. Mo ti di olùkọ́ nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó, kò sì sí idẹ kankan lára aṣọ olùkọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ki kálàmù bọ àpò, ìyàwó mi á fi ìka méjì tún un ṣe, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á sì ní kí n fò. Bí kálàmù bá bọ́, a jẹ́ pé kò dì dáadáa. Mo fò láti ìgbà tí ara mi ti fúyẹ́ títí mo fi di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ wa sì ń kà á lédè Hausa bí àwa náà ṣe kà á. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ tán, òun ni ó ń kà á.

Ẹ̀wù tí mo wọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá fún oṣù púpọ̀. Báàjì náà wà lára rẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Zàínábù ọmọ wa fẹ́ fọ ẹ̀wù náà, mo ní kó fi í sílẹ̀. Kí a tó lè fọ̀ ọ́, a ní láti yọ báàjì náà, bí a bá sì yọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò dá a padà bí ó ṣe wà. N kò lọ sí ìpàdé mọ́. Wọ́n fi tẹlifóònù pè mí, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, òótọ́ sì ni.

Ní òwúrọ̀ kan, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń polówó kókò lójú títì, mo sì dìde. Mo yọ báàjì náà. Mo fọ ẹ̀wù náà, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, mo wọ̀ ọ́, mo dúró síwájú dígí, ṣùgbọ́n dígí ń da ọwọ́ mi rú, píìnì náà sì gún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá kúrò nídìí dígí. Mo dúró sí àárín pálọ̀, mo gbé àgbọ̀n sókè, mo wo àjà. Mo fi ìka méjì wá etí àpò. Mo ki píìnì náà wọlé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo ka "Daya, biyu, uku" sókè ketekete.

Mo fò. Orúnkún mi kígbe, kò sí ohun tó já. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì na ọwọ́ dá kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Tunga dúró.